Ẹni Tó Yá Ọkọ́, Ẹni Tó Wín Iyọ̀

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2024, àwọn elétò Grammy ní Amẹ́ríkà fún orin ilẹ̀ Áfíríkà ní àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orin márùn-ún ló du ipò náà. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà: Davido gbé "Unavailable" wá, Burna Boy gbé "City Boys", Ayra Starr gbé "Rush", Asake àti Olamide sì gbé orin kan tí wọ́n sọ ní "Amapiano". Ẹ tún un kà. Orúkọ orin náà gan-an ni Amapiano, ìyẹn orúkọ irú orin kan tí àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀ ní àdúgbò wọn. Ìkarùn-ún ni "Water" ti Tyla, ọmọbìnrin láti Johannesburg. Tyla ló gbé àmì-ẹ̀yẹ náà lọ sílé.

Ní Òṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ náà ká wa lára. Ọmọ Ẹdẹ ni Davido, èèyàn sì lè lọ Ẹdẹ kó dé kí ẹ̀wà tó jiná. Asake ní tirẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi ni pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Èmi ò gbà. Orí ìlù Gúúsù Áfíríkà ni "Amapiano" àti "Unavailable" jókòó lé. Davido tiẹ̀ pe Musa Keys, tó ń ṣe amapiano lọ́hùn-ún, pé kó wá bá òun kọ ọ́. Bí èèyàn bá kọ́ ọbẹ̀ sísè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, tó wá gbé ọbẹ̀ yẹn lọ síbi ìdíje, tí aládùúgbò náà fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀, kí la fẹ́ bínú sí?

Àwọn bàbá wa ní àlàyé tiwọn. Ẹ dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ayò ní Iléṣà, ẹ ó gbọ́ ọ: orin ìsinsìnyí kò lórí, kò nídìí, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ yìí ò mọ̀ ju kí wọ́n máa jí ti ẹlòmíràn kọ. Lórí pé ọ̀kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, mo gbà. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà tí orin ń lọ lábẹ́, orin mẹ́fà lè kọjá kí n má mọ ìgbà tí ọ̀kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Àlàyé wọn ni kò tọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé yíyá ló ba orin jẹ́, a jẹ́ pé orin wa ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí àwọn bàbá náà.

Ìjẹ̀ṣà ni mo máa fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí I. K. Dáíró, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó kiri aṣọ ní Ẹdẹ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ayé ìgbà náà. Ní 1957 ó dá ẹgbẹ́ Morning Star Orchestra sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí náà ló padà di Blue Spots. Nígbà tó fi máa di 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá, àwa kan sì mọ̀ pé kò sí ilé tí rẹ́kọ́ọ̀dù wà nígbà náà tí "Salome" ò sí.

Ẹ wá tú orin rẹ̀ wò bí ẹni tú ẹ̀rọ. Gìtá tó wà níbẹ̀, òkè òkun ló ti wá. Akọ́díọ̀nù tó gbé kọ́rùn, dùùrù tí à ń fà tí à ń tì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù ni. Ìlù Látìn Amẹ́ríkà tó ń bá rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀lú nígbà náà wà nínú rẹ̀, orin ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà náà wà níbẹ̀. Jùjú pàápàá, kì í ṣe Dáíró ló dá a sílẹ̀; Tunde King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é l'Ékòó láti ìgbà ọdún 1930 sí 1939. Ká ní a fẹ́ dá gbogbo nǹkan padà fún olówó ẹ̀, kí ló máa kù lọ́wọ́ Dáíró?

Ohun tó máa kù pọ̀. Ó fi gángan sáàárín orin, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Ó mú ohùn akọ́díọ̀nù tẹ̀ lé bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó kọrin ní èdè Ìjẹ̀ṣà láìtijú, ó fi ìlù Ìjẹ̀ṣà sí i, nígbà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ là l'Ékòó ń ṣe bí ará Èkó. Kò sí ẹni tó gbọ́ Dáíró rí tó sọ pé ará Cuba ló ń kọrin.

Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ẹni tó yá ọkọ́, ọkọ́ yẹn gan-an ló máa dá padà; bó ti lẹ̀ roko títí, ọkọ́ ọlọ́kọ́ ni. Ẹni tó wín iyọ̀ kò lè dá iyọ̀ yẹn padà mọ́, ó ti yọ́ sínú ọbẹ̀. Iyọ̀ mìíràn ló máa wá san. Dáíró wín akọ́díọ̀nù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò báyìí, ọkọ́ ni wọ́n yá.

Òṣogbo náà ní tirẹ̀. Ní 1946 ni wọ́n bí Sunny Ade níbí, sínú ìdílé ọba Oǹdó. Ẹgbẹ́ orin tó ti kọ́ṣẹ́ ni Federal Rhythm Dandies, Moses Olaiya ló sì ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni, Baba Sálà ọmọ Iléṣà yẹn náà, kó tó di pé ó gbé aago ńlá kọ́rùn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Sunny dá dúró ní 1967, ó sọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Green Spots. Blue Spots, Green Spots: ọmọdé á rí i pé Dáíró ló ń wò. Ọ̀dọ́ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni, ó jí àwọ̀ orúkọ ọ̀gá kọ, kò sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo "Juju Music" rẹ̀ jáde ní 1982, gìtá onírin tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kọ orin darandaran ti wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Demola Adepoju ló ń ta á, ó sì ń dún bí ẹni ń ki oríkì. Ta ló máa gbọ́ ọ tó máa rántí darandaran?

Àwọn kan ní kíkúrú orin ló fa wàhálà, pé kí ni èèyàn lè sọ ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Èyí náà ò dúró. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré tí Dáíró ń kọrin sí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tí àwo ńlá dé ni Sunny àti Obey wá ń na orin kan títí ojú kan á fi tán, bí ogún ìṣẹ́jú. Orin kúkúrú kì í ṣe tuntun.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ lórí log drum fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlù ni. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí awọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní FL Studio, ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Belgium ló ṣe é. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ DX10. Ohùn àsèsílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, bí oúnjẹ inú agolo, ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà sì ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá gbá igi oníhò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní FL Studio ló ní in. Àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà, tí ẹni tó ń jẹ́ MDU a.k.a. TRP wà lára àwọn aṣáájú wọn, ló mú ohùn yìí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi ń mi àyà, wọ́n ní kó máa ṣe iṣẹ́ ìlù àti iṣẹ́ gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ pọ̀. Àwọn ará Belgium kò ronú ìyẹn. Ohun tí Dáíró ṣe fún akọ́díọ̀nù gan-an nìyẹn, àgolo ni wọ́n ṣí, ọbẹ̀ tuntun ni wọ́n sè.

Nígbà tó wá dé Èkó ńkọ́? Ó tún padà sínú agolo. Èèyàn lè ra àpò ohùn, èyí tí wọ́n ń pè ní sample pack, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, log drum ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe máa rìn, ibi tó máa já àti ibi tó máa gbéra. Ọmọ tó wà ní sítúdíò kan ní Òkè-Fia lè fà á sójú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Mi ò bá a jà. Iṣẹ́ tèmi náà, kò sí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti òfìfo mọ́. Code tí ẹlòmíràn ti kọ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nínú iṣẹ́ tiwa, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà nínú fáìlì, gbogbo ìlà tí a bá yí padà ló ń fi orúkọ ẹni tó yí i hàn. Tí mo bá kó iṣẹ́ ẹlòmíràn wá láìyí ìlà kan padà, tí mo pè é ní tèmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rí i kó tó di ọ̀sán.

Nínú orin, ibi tí owó bá wà nìkan ni orúkọ ti ń jáde. Burna Boy mú ohùn Toni Braxton sínú "Last Last" ní 2022, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fáyé pé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó orin náà ń lọ sọ́wọ́ obìnrin yẹn. Toni Braxton ṣe òṣómàálò. Àwọn alájàpá aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ta àwìn, wọ́n á wá lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí á fi sanwó. Ta ló lóṣòó fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìgboro Pretoria?

Ohun tí mo rò pé ó ń pa orin wa gan-an, àwọn èèyàn kì í sábà sọ ọ́. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí orin Yorùbá òun yé èèyàn, ohùn ọ̀rọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí orin máa gbà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: bí orin bá fa ìró kejì wálẹ̀, ìyàwó tó ń pe olówó orí rẹ̀ ti di ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Láyé Dáíró, ọ̀rọ̀ àti ìlù ló ń ṣáájú, gìtá á wá ibi tó máa gbà tẹ̀ lé wọn. Ní ọ̀pọ̀ sítúdíò báyìí, ìlù àti dùùrù ti parí kí olórin tó wọlé. Ohùn dùùrù mẹ́rin ni, wọ́n ń yí po bí màlúù olóko ìrèké. Olórin á dúró sídìí máíkì, á máa kùn láìlọ́rọ̀ títí yóò fi rí ìró tó dùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ọ̀rọ̀ kún un bí ẹni di ihò ògiri. Ọ̀rọ̀ tó bá bá ihò mu ni wọ́n ń lò, Yorùbá, pijin, Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó bá ṣáà wọlé. Bí gbogbo wa bá ń ki ọ̀rọ̀ bọ ihò kan náà, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ìró kan náà ló ń jáde?

Ibi tí ẹ̀ka-èdè ti wúlò nìyẹn. Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ gbà ń gòkè tó ń sọ̀ kò sì bá ti Ọ̀yọ́ mu. Ẹni tó bá kọrin bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, orin rẹ̀ á yàtọ̀ kó tó wá nǹkan kan kún un; kò ní láti jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ohun èlò tí Dáíró ní tí Èkó ò ní nìyẹn. Ó ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọrin láti Iléṣà lónìí ló ń kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́nu kí wọ́n tó wọ sítúdíò, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ará oko.

Òṣogbo ti ja irú ìjà yìí rí. Àwọn orin ìsìn tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ń fọ́ lábẹ́ rẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, kọ odidi ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Duro Ladipo ọmọ Òṣogbo ò kọ̀wé ní tirẹ̀, ìlù ló gbé wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints. Àwọn àgbà ìjọ kọ̀, wọ́n ní ìlù kèfèrí ni. Ló bá gbé orin rẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1962 òun àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ìgboro yìí, ní 1963 wọ́n ṣe "Ọba Kò So" níbẹ̀, nígbà tó di 1964 wọ́n ti gbé e dé Berlin. Orí ìtàgé oníná òyìnbó ni eré náà wà, bàtá ló ń darí rẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n wín níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgboyà àtilọ síbòmíràn ni mo ń tọ́ka sí, torí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní agbára láti sọ pé "irú èyí kọ́ la fẹ́" ṣì wà lónìí, ó kàn ti di ẹ̀rọ.

Mo mọ ẹ̀rọ yẹn díẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ orin kan lórí fóònù, tí òmíràn sì tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ̀rọ kan ló ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó ti sọ orin kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, ó ń wo èyí tó sún mọ́ èyí tí ẹ gbọ́ tán àti ohun tí àwọn tó jọ yín gbọ́. Orin tó bá dúró lápá kan lóun nìkan, ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tó máa gbé e fún. Lórí Spotify, orin ò tíì di gbígbọ́ títí èèyàn á fi gbọ́ ọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn producer mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé tí ìró tí etí ti mọ̀ ò bá tètè wọlé, àtàǹpàkò á ti yẹ̀ ẹ́ kọjá. Nítorí náà, mi ò lè pè wọ́n ní ọ̀lẹ bí àwọn bàbá ṣe ń pè wọ́n. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ìṣirò náà sì tọ̀nà. Ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ní ti àwọn ẹ̀rọ bíi Suno tó ń fúnra wọn kọrin báyìí, àròpọ̀ gbogbo orin tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń pín sí méjì fún wa. Ẹni tí orin rẹ̀ ti jẹ́ àròpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó bẹ̀rù wọn.

Kí n má baà ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́, Asake ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí nira fún mi. Àwo "Mr. Money with the Vibe" tí òun àti Magicsticks gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022, log drum wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yọ́. Ègbè wọn dún bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní òru ìṣọ́, ohùn rẹ̀ lórí ìlù jẹ́ ti oní-fújì, Yorùbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Iyọ̀ ni. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, iye oṣù tí obìnrin fi ń lóyún, ó gbé "Work of Art" jáde, ọbẹ̀ àná ni, wọ́n kàn gbé e kaná. "Amapiano" tí wọ́n gbé lọ sí Grammy, inú àwo kejì yìí ló wà. Tó bá jẹ́ èmi ni, àwo àkọ́kọ́ ni mi ò bá gbé lọ síwájú wọn. Kó tó di pé Asake fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà míì, ègbè ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn ti di agolo fún ẹlòmíràn, gbogbo àdúgbò ti ń kọ ègbè bí ọmọ ìjọ.

Wàyí o, ìlù kan wà ní Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, tí wọ́n ń pè ní ijexá. Ìjẹ̀ṣà ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e lọ. Nínú ẹ̀sìn Candomblé, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń lù ú fún jù, agogo ló sì ń là á lọ́nà. Èyí bá ìtàn wa mu, torí láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè ti wá tẹ Òṣogbo dó létí odò Ọ̀ṣun. Ní 1949, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Salvador dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀, wọ́n gbé ìlù yìí bọ́ sí títì nígbà Carnival. Gilberto Gil, ọ̀kan nínú àwọn olórin tó lókìkí jù lórílẹ̀-èdè náà, bá wọn jó, ó sì kọrin nípa wọn. Títí di òní, olórin Brazil tó bá ní òun fẹ́ ijexá, àwọn onílù mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n yí i padà, wọ́n kọrin Potogí lé e lórí, wọ́n ò sì yọ orúkọ wa kúrò lára rẹ̀.

Nínú orin mẹ́rin tí a gbé lọ sí Grammy, kò sí èyí tí ìlù yẹn wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe sítúdíò ní Òṣogbo ní ká lọ gba ohùn agogo àti ìlù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà onílù ní Iléṣà, ká ṣe é ní sample pack tiwa, ká kọ orúkọ onílù kọ̀ọ̀kan sára fáìlì. Mo ní màá bá a kọ ètò tí yóò gbé e. Ibi tí a ti ń jiyàn ni ẹni tó máa lò ó. Ó ní àwọn ọmọ ibí á lò ó tí wọ́n bá rí i. Mo ní kó wo òfin Spotify: láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá, wọn ò ní san nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá kọrin "ulé" láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó máa gbé e fún, ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ, ìjọ rẹ̀ á gbọ́ ọ, àwọn tó wà ní Dublin á fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, èyí tí ẹ̀rọ kì í kà. Tó bá wá dúró sí 999, kọ́bọ̀ ò ní wọlé.